Gbọ̀ngàn Alámọ̀, Òrùlé Bẹẹrẹ: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ibùdó Ìṣàrò ní Agbègbè Òṣogbo

Iṣẹ́ náà nìyí: ilẹ̀ éékà kan tó rọra dagun sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ní agbègbè Òṣogbo. Gbọ̀ngàn róbótó kan fún ìṣàrò ni a ó kọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú yàrá ìsùn mẹ́fà, ilé ìdáná tí balùwẹ̀ so mọ́, àti ilé ìgbẹ́ gbígbẹ. Àlejò 12 ló gbà, òṣìṣẹ́ 3 ni yóò máa tọ́jú wọn, láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀, kò sí bóòhóòlù, kò sì sí ògiri búlọ́ọ̀kù yí ilẹ̀ ká.

Ohun méjì ló darí gbogbo ìpinnu: omi àti ariwo. Wọ́n sì máa ń bá ara wọn jà. Páànù ń gba omi òjò tó mọ́, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti ń rọ̀, ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ kò ní gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ, áńbọ̀sì kó máa ṣàrò. Koríko bẹẹrẹ ń pa ariwo òjò mọ́lẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n omi tó bá gba orí rẹ̀ kọjá ti pupa, ó ti ń rùn, kò ṣeé mu. Àwọn tó fẹ́ fi òrùlé kan ṣe méjèèjì a máa tẹ́ síìlìnì tàbí fóòmù sábẹ́ páànù. Ariwo á dín kù lóòótọ́, àmọ́ láàárín ọdún méjì, eku àti àdán ti gba ibẹ̀, ariwo tiwọn ní òru kò sì kéré. Nítorí náà a pín òrùlé sí méjì: bẹẹrẹ lórí gbọ̀ngàn àti yàrá ìsùn, páànù lórí ilé ìdáná nìkan, kí ilé ìdáná sì jìnnà sí gbọ̀ngàn ní 30 mítà. Omi wá láti ibi tí ariwo kò ti ṣe nǹkan kan.

Ọ̀wàrà: kíka ilẹ̀

Oṣù yìí dára láti wo ilẹ̀ nítorí òjò kò tíì dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá yan ojú ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àbá ló ń dá. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀ lọ́wọ́, ẹ kan èèkàn sí gbogbo ibi tí àgbàrá gbà kọjá, kí ẹ sì kan òmíràn sí ibi tí omi bá dúró sí fún ju wákàtí kan lọ. Lórí ilẹ̀ yìí, àgbàrá gba àárín gbùngbùn kọjá. Gbọ̀ngàn kò lè wà ní àárín mọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń lọ. Ó sún lọ sí apá òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀nà àgbàrá sì di oko ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ń wá láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ọyẹ́ sì ń wá láti àríwá-ìlà-oòrùn. Fèrèsé tó bá kọjú sí ìhà méjèèjì yìí yóò máa rí afẹ́fẹ́ yípo ọdún. Ohun tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé kì í rò mọ́ ọn ni pé òjò oníjì, èyí tó ń ṣú dùdù tí atẹ́gùn rẹ̀ ń ṣí páànù, ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Ògiri amọ̀ tó kọjú síbẹ̀ láìní ààbò ló kọ́kọ́ ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn fi wà ní ìwọ̀-oòrùn, tí fèrèsé mẹ́ta tó wà ní ìlà-oòrùn fi ní ìlẹ̀kùn pákó tó ń dé pa gírígírí, tí etí òrùlé sì fi yọ síta ní odindi mítà 1 yíká.

Ti ariwo: ọ̀nà ọlọ́kadà wà ní àríwá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé igi tí a bá gbìn yóò gba ariwo. Ìlà igi kan tàbí méjì kò lè gba nǹkan kan ju ojú lọ. Erùpẹ̀ ló ń dá ohùn padà. Erùpẹ̀ dúdú tí a ṣí kúrò lójú ilé gbogbo, ìwọ̀n ogún sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú èyí tó jáde láti inú ìpìlẹ̀, la kó jọ sí ìhà àríwá gbọ̀ngàn: òkìtì gígùn 20 mítà, gíga mítà 1.5, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ tó mítà 4.5 kó má baà máa ya. Bí 67 mítà kúbíìkì erùpẹ̀ nìyẹn, kò sì sí típà kankan tó kó erùpẹ̀ jáde lórí ilẹ̀ náà. Bí òkìtì bá ti lè bo ọ̀nà mọ́ ojú ẹni tó jókòó, ohùn ọ̀nà á rẹlẹ̀.

Ẹ wa ilẹ̀ kọjá erùpẹ̀ dúdú kí ẹ tó bu ti bíríkì. Ìdánwò méjì ló tó. Èkíní: ẹ bu erùpẹ̀ sínú ìgò aláfojúrí dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ fi omi kún un pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Iyanrìn á rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, amọ̀ gan-an á sì di ọjọ́ kejì kó tó tòrò. Iyanrìn tó bá wà láàárín 60 àti 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára. Èkejì: ẹ fi ọwọ́ lọ́ erùpẹ̀ tútù bí okùn tó nípọn ní 3 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ máa tì í jáde díẹ̀díẹ̀ létí tábìlì. Tó bá já kó tó gùn tó 5 sẹ̀ǹtímítà, iyanrìn ti pọ̀ jù, bíríkì á máa fọ́ nígun. Tó bá kọjá 15 kó tó já, amọ̀ ti pọ̀ jù, bíríkì á sán. Ilẹ̀ pupa ti ibí já ní 18. Bárò iyanrìn odò kan sí bárò mẹ́rin ilẹ̀ pupa ló mú un wálẹ̀ sí 12.

Bélú àti Ọ̀pẹ: bíríkì, ọparun, koríko

Gbọ̀ngàn fẹ̀ ní mítà 8 nínú, ògiri rẹ̀ ga ní mítà 2.4, ó sì nípọn ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Bíríkì oníwọ̀n 30 × 20 × 12 la tò ní ìbú, orí rẹ̀ sínú, ìdí rẹ̀ síta. Lẹ́yìn tí a yọ ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé mẹ́sàn-án kúrò, ojú ògiri tó kù jẹ́ 46 mítà onígun mẹ́rin. Bíríkì 35 ló ń lọ sí mítà kọ̀ọ̀kan: bí 1,610 lápapọ̀. Ẹ dà tó 1,800, torí ìdá kan nínú mẹ́wàá kì í dé orí ògiri.

Amọ̀ ń sún kì bó bá ti ń gbẹ, nítorí náà àpótí ìdà-bíríkì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ìwọ̀n tí a fẹ́ lọ: 31.5 × 21 × 12.6. Ẹ rẹ erùpẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹ da koríko gígé wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ fi ẹsẹ̀ gún un títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ mọ́. Ọ̀tá bíríkì ní àsìkò yìí ni ọyẹ́. Ó ń gbẹ ojú bíríkì kí inú tó mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́, ibẹ̀ sì ni ìsán ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, ẹ gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tò ó jọ pẹ̀lú àyè láàárín, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láti mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ la ọ̀kan sí méjì: bí àárín rẹ̀ bá ṣì ṣókùnkùn ju etí lọ, kò tíì tó. Ẹ sọ òmíràn sílẹ̀ láti ìbàdí. Igun nìkan ló yẹ kó bù.

Ọparun: èyí tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa ní ìyẹ̀fun dídùn nínú, òun sì ni kòkòrò ń wá. Ẹ gé èyí tó ti pé ọdún mẹ́ta, tí èèpo rẹ̀ ti ní àbàwọ́n funfun, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí oje rẹ̀ kéré. Àádọ́ta ọ̀pá ni iṣẹ́ òrùlé gbọ̀ngàn gbà. Ẹ fi irin gígùn lu gbogbo ojú ìkòkò inú rẹ̀ já láti orí dé ìdí, kí oògùn lè wọlé (ìkòkò ni ihò ṣíṣófo tó wà láàárín ojú ọparun méjì). Kòtò gígùn mítà 8, fífẹ̀ 60 sẹ̀ǹtímítà, jíjìn 50, tí a tẹ́ tapólì sí, la fi ṣe ibi ìrẹ. Bí ọparun bá ti wà nínú rẹ̀, ó ń gbà bí 1,200 lítà omi, pẹ̀lú oògùn méjì tí kòkòrò kò fẹ́, borax 36 kílò àti boric acid 24 kílò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọparun ń lò nínú rẹ̀, kó tó dúró gbẹ lábẹ́ ibòji. Ó wọ́n, a kò ní purọ́. Ẹni tí kò bá lágbára rẹ̀ lè rì í sínú odò tó ń ṣàn fún oṣù kan tàbí méjì, kí omi fọ ìyẹ̀fun náà jáde. Ó ń dín kòkòrò kù, ṣùgbọ́n kò dí ikán lọ́wọ́. Oògùn borax náà kò fẹ́ òjò: bí òjò bá ń pa ọparun, omi á fọ̀ ọ́ lọ. Nítorí náà ọparun kankan kò fara kan ilẹ̀, kò sì sí èyí tó yọ sí òjò.

Koríko bẹẹrẹ ní àkókò tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti gbẹ lórí ìdúró, kí ẹ sì gé e kí iná ìgbẹ́ tó dé. Bí ẹ bá dúró de Ṣẹ́rẹ́, ẹ lè débẹ̀ kí ẹ bá eérú. Òrùlé gbọ̀ngàn fẹ̀ tó 125 mítà onígun mẹ́rin. Àdìpọ̀ mẹ́wàá tí ìyíká rẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà ló ń bo mítà kan. Àdìpọ̀ 1,250 nìyẹn, láìka àwọn yàrá.

Ọ̀pẹ sí Èrèlé: ìpìlẹ̀ àti ògiri

Ìpìlẹ̀ jìn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 45. Yangí la fi kún un, a sì gbé e yọ sókè ilẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà kí bíríkì amọ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀. Omi etí òrùlé tó bá já sílẹ̀ máa ń ta padà sókè, ibi tó ń ta dé ní ìgbà òjò sì sábà máa ń tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Ilé amọ̀ tí ìdí rẹ̀ kúrú ni ẹ máa ń rí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ wọnú, tí òkè rẹ̀ sì ṣì le koko.

Lórí yangí, nylon dúdú tó nípọn, ìpele méjì, kí ọ̀rinrin má gòkè. Lórí nylon, páànù pẹlẹbẹ tó yọ síta ní 5 sẹ̀ǹtímítà nínú àti lóde, tí etí rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀. Páànù yìí kò pa ikán, ó kàn ń lé e jáde sí gbangba ni: ọ̀nà tí ikán bá fi ẹrẹ̀ kọ́ yí etí páànù náà ká á hàn sí ojú, a ó sì gbá a dànù. Ikán kò wá jẹ ògiri amọ̀. Òrùlé ló ń lọ, ògiri kàn jẹ́ ọ̀nà rẹ̀.

Láti tọ́ ìyíká, àwọn bíríkìlà a máa so okùn mọ́ òpó àárín. Okùn ń fà. Pákó tín-ínrín kan tó ń yí lórí ìṣó ńlá ní orí òpó, tí a fi àmì sí ní mítà 4, ló dájú. Ẹrẹ̀ tó wà láàárín bíríkì méjì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 1 nínú àti 2.6 lóde, nítorí pé ìyíká òde gùn ju ti inú lọ. Ilẹ̀ pupa tí a fi dà bíríkì náà la fi tò ó; sìmẹ́ńtì kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín, torí ó le ju bíríkì lọ, bíríkì ni yóò sì máa jẹ yí i ká. Ìpele mẹ́rin lóòjọ́ ló pọ̀ jù. Bí ẹ bá kánjú dé mẹ́jọ, ìsàlẹ̀ tó ṣì tútù á wú síta.

Fèrèsé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 1.2 mítà, ògiri tó sì wà láàárín méjì kò kéré sí 1.3. Àtẹ́rígbà jẹ́ pákó tíìkì tó nípọn ní 5 sẹ̀ǹtímítà, ó sì wọ inú ògiri ní 30 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Orí ògiri ni ibi kan ṣoṣo tí sìmẹ́ńtì àti irin ti yẹ é. Òrùlé onísóńsó ń ti ògiri síta yíká, ògiri amọ̀ kò sì mọ bí wọ́n ti ń fa nǹkan mọ́ra. Bí kò bá sí ohun tó dì í, ìlà yóò là láti igun fèrèsé lọ sókè láàárín òjò méjì. Bẹ́líìtì kọnkéré tó fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà, tó nípọn ní 15, ló yí orí ògiri ká: àpò sìmẹ́ńtì 8 ní ìwọ̀n 1:2:4 (sìmẹ́ńtì, iyanrìn, òkúta), pẹ̀lú rọ́ọ̀dù 12 mílímítà ìlà méjì. Rọ́ọ̀dù gígùn márùn-ún ló ń lọ síbẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti bá ara wọn pàdé sì gbọ́dọ̀ kọjá ara wọn ní 60 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ wọn rọ́ọ̀dù kí ẹ tó sanwó. Kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n ń pè ní mítà 12 ló pé mítà 12.

Yàrá ìsùn kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: méjì-méjì so pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan 3 × 3.5 mítà, bíríkì kan náà, ìpìlẹ̀ kan náà. Ẹ má ṣe dín ògiri tó wà láàárín yàrá méjì kù láti fi pa owó mọ́. 30 sẹ̀ǹtímítà amọ̀ ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń hanrun kù sí yàrá tirẹ̀.

Ẹrẹ́nà: òrùlé

Òjò àkọ́rọ̀ lè dé láàárín oṣù yìí, bíríkì tí kò ní òrùlé á padà di ẹrẹ̀. Ohun mìíràn dúró, òrùlé kò dúró.

Ìdagun rẹ̀ jẹ́ 45 dígíríì, kò gbọdọ̀ dín. Bẹẹrẹ kì í dí omi: ó kàn ń mú omi sáré ni, kó tó ráyè wọlé. Lórí òrùlé tó tẹ́jú, omi á dúró, koríko á jẹrà láàárín ọdún méjì. Lórí 45, tí ó nípọn ní 25 sẹ̀ǹtímítà, ọdún 5 sí 7 ló ń lò. Ọ̀pá ọparun 16 gùn láti etí dé sóńsó ní 7.5 mítà, 16 mìíràn sì dúró ní àárín ọ̀nà, níbi tí òrùka ọparun ti gbé wọn. Ọparun líla la fi yí wọn ká ní 25 sẹ̀ǹtímítà síra, ó sì tó 500 mítà lápapọ̀.

Ẹ má fi ìṣó kan ọparun. Á là láti orí dé ìdí. Ibi tí bóòtù bá ti gbọ́dọ̀ wọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ lu ihò, kí ẹ sì rọ sìmẹ́ńtì oníyanrìn sínú ìkòkò náà kí bóòtù má baà tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ibi yòókù, okùn. Orí ọparun tó bá dúró gbọ́dọ̀ gé lókè ojú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ìkòkò bá ṣí sókè, omi á dúró sínú rẹ̀, ẹ̀fọn ni yóò sì kọ́kọ́ di àlejò yín.

Dídì koríko ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń bo okùn ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Sóńsó ló ń jò, nígbà gbogbo. Àwọn bàbá wa dojú ìkòkò dé e, kò sì sí ohun tó sàn jù ú: ìkòkò amọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà, tí a fi ẹrẹ̀ àti okùn dè mọ́ ọn.

Iná ni ìbẹ̀rù tó kù. Mítà mẹ́wàá yíká gbọ̀ngàn, koríko kò gbọdọ̀ ga ju kókósẹ̀ lọ láti Bélú títí di Ẹrẹ́nà. Àbẹ́là kò wọlé. Tùràrí ń jó nínú àwo oníyanrìn ní ìta.

Ìrẹ́ àti ilẹ̀

Ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀. Ẹni tó bá ti rin Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ti rí iṣẹ́ tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ṣe síbẹ̀, ó sì ti rí i pé wọ́n ń béèrè àtúnṣe láti ìgbà dé ìgbà. Ère ni ìyẹn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ògiri ilé, sìmẹ́ńtì á sán ní fífẹ́, omi á gba ojú ìsán wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á rọ̀, ìrẹ́ á sì ya lulẹ̀ ní odindi. Wáyà tí wọ́n ń kàn sábẹ́ rẹ̀ kò yí i padà.

Ilẹ̀ pupa bárò 1, iyanrìn bárò 2, koríko gígé garawa 1: ìrẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó nípọn ní 2 sẹ̀ǹtímítà. Èkejì tín-ín-rín, iyanrìn rẹ̀ tí a ti sẹ́ sì di 3. Èyí tó kẹ́yìn lóde la fi omi èèpo irúgbá pò dípò omi lásán: ẹ se èèpo èso náà títí omi rẹ̀ á fi dúdú tó sì ń lẹ̀ díẹ̀. Ó ń mú ojú ògiri le sí òjò, àmọ́ kò sọ ọ́ di táńkì. Ọdún kejì tàbí ìkẹta, ẹ óò tún un kùn.

Ilẹ̀ gbọ̀ngàn: yangí wẹ́wẹ́ 15 sẹ̀ǹtímítà, ilẹ̀ pupa 10 tí a gún ní ìpele méjì, ìrẹ́ iyanrìn àti amọ̀ 2, kí a sì fi bọ́tọ̀ màlúù pa á nígbà mẹ́ta. Òórùn rẹ̀ ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Yàrá róbótó máa ń kó ohùn jọ sí àárín, tí ikọ́ ẹnì kan á fi dún bí ẹni pé etí ìgbọ́ yín ló ti wú u. Bẹẹrẹ òkè ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì, ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ gbé ìyókù. Ẹni tó ń darí ìṣàrò kò gbọdọ̀ jókòó sí àárín gan-an.

Igbe: omi

Òrùlé ilé ìdáná jẹ́ 12 × 7 mítà, páànù alumíníọ́mù. Òjò agbègbè yìí tó 1,300 mílímítà lọ́dún. Bí a bá yọ èyí tó ń ta dànù, 92,000 lítà ló ń bọ́ sílẹ̀. Omi ọdún pọ̀ ju ìlò lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pinnu ìwọ̀n táńkì.

Ènìyàn 15, lítà 25 lójúmọ́, ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀: lítà 1,500 lọ́sẹ̀. Táńkì márùn-ún tó gba 5,000 lítà yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún àti díẹ̀ gbé wọn, láti àárín Bélú dé àárín Ẹrẹ́nà. Kò sí àlékún nínú ìṣirò yìí rárá, torí náà àmì wà lára ògiri táńkì: bí Ṣẹ́rẹ́ bá parí tí omi tó kù kò tó 8,500 lítà, àlejò gbọ́dọ̀ dín sí mẹ́fà. Òfin yìí gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, torí kò sí ẹni tó ń fẹ́ dá owó àlejò padà.

Gọ́tà ìhà méjèèjì dagun ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí mítà kan. Òjò ńlá tó bá ń rọ̀ 100 mílímítà ní wákàtí kan á da 70 lítà sínú gọ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan: gọ́tà ínṣì 6, páìpù ínṣì 4. Èyí tí wọ́n ń tà ní ínṣì 4 á kún kọjá, ògiri ni yóò sì jẹ ẹ́.

Omi àkọ́dà inú òjò kọ̀ọ̀kan ni eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ wà. Lítà 1 fún mítà onígun mẹ́rin òrùlé kọ̀ọ̀kan la gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀, èyí jẹ́ 84. Ọ̀pọ̀ ń fi páìpù ínṣì 4 gígùn mítà kan ṣe é. Mítà kan páìpù náà kò gbà ju lítà 8 àti ààbọ̀ lọ, bí ẹni fi ṣíbí gbọ́n odò ni. Dírọ́ọ̀mù 100 lítà kan la gbé sí ìdí páìpù, pẹ̀lú ihò kékeré ní ìsàlẹ̀ tó ń jò díẹ̀díẹ̀ kó lè ṣófo kí òjò mìíràn tó dé. Òjò méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ pátápátá. Nẹ́ẹ̀tì dí gbogbo ẹnu páìpù tó yọ síta. Èyí tí a ó mu, sísè ni.

Ilé ìgbẹ́

Gbígbẹ ni: ìtọ̀ lọ sí iwájú, ìgbẹ́ sí ẹ̀yìn, eérú ife kan lé e lórí. Yàrá méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpótí búlọ́ọ̀kù méjì nísàlẹ̀, 1 × 0.9 × 0.8 mítà. À ń lo àpótí kan fún bí ọdún kan, a ó dí i, a ó sì bọ́ sí èkejì fún ọdún kan kí a tó kó ti àkọ́kọ́ síta. Nínú ooru tiwa pẹ̀lú eérú, ọdún kan tó láti pa kòkòrò àrùn rẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá yàtọ̀ sí ti inú ìwé òyìnbó. Omi la fi ń ṣan ìdí. Bí omi yẹn bá wọ àpótí ẹ̀yìn, ó ti di ṣáláńgá lásán, òórùn àti eṣinṣin dé nìyẹn. Nítorí náà àwo kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìṣandí nìkan, páìpù rẹ̀ ń lọ sínú kòtò yangí lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ fi àwòrán hàn án lára ògiri. Àlàyé ẹnu kì í kárí gbogbo àlejò. Ìtọ̀, ẹ fi omi ìlọ́po márùn-ún là á kí ẹ tó bu ú sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í ṣe sí ewé.

Iná sólà

Gílóòbù 10 oníwáàtì 5 fún wákàtí 5, fáànù 6 oníwáàtì 15 fún wákàtí 8, pọ́ǹpù oníwáàtì 60 fún wákàtí 1: 1,030 wáàtì-wákàtí lóòjọ́. Pánẹ́ẹ̀lì 500 wáàtì ló kájú rẹ̀ ní oṣù Ògún, nígbà tí ìkùukùu máa ń bo oòrùn jù. Bátìrì lithium méjì, 12.8 fólítì, 100 Ah (ìwọ̀n iná tó ń gbà pamọ́), tí a so tẹ̀lé ara wọn, yóò gbé ọjọ́ méjì. Orí páànù ilé ìdáná ni pánẹ́ẹ̀lì wà. Kò sí ohun tó ń lọ sórí bẹẹrẹ.

Kò sí ínfátà. Fáànù rẹ̀ ń ké ní òru, ó sì ń jẹ iná lásán. Gílóòbù àti fáànù onísólà ni gbogbo rẹ̀, láti bátìrì tààrà. Ẹ má lo fólítì 12: ẹrù 100 wáàtì ní 30 mítà lórí wáyà 2.5 mílímítà onígun mẹ́rin yóò pàdánù ju fólítì 3.5 lọ lójú ọ̀nà, gílóòbù á sì máa wò bàìbàì. Ní fólítì 24 pẹ̀lú wáyà 6, àdánù kò tó fólítì 1. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ ní agogo kan ọ̀sán nìkan, nígbà tí àwo oúnjẹ ń dún.

Èbìbí àti Òkúdu: ọgbà, ọ̀nà, ìtọ́jú

Ọgbà yíká tó 254 mítà. Igi akòko àti pèrègún tí a gé ní mítà 1.5, tí a rì mọ́lẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà síra, 510 lápapọ̀. Nínú òjò Èbìbí, wọ́n hù láìbomirin. Koóko ọba ni a gbìn sí etí ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yíká gbọ̀ngàn, ó ń di erùpẹ̀ mú, ó sì ń dá títa omi dúró. Ọ̀nà láti yàrá dé gbọ̀ngàn jẹ́ àpáàdì tí a rì dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú iyanrìn, irú èyí tí wọ́n hú jáde ní Ilé-Ifẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ń dún lábẹ́ bàtà, àpáàdì kì í dún. Igi ọdán tó wà ní ilẹ̀ náà kò sún mọ́ ògiri ju mítà 10 lọ, nítorí gbòǹgbò rẹ̀.

Ìtọ́jú: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yí páànù ikán ká pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Lóṣooṣù, gọ́tà àti dírọ́ọ̀mù àkọ́dà. Ní Bélú, kí ìgbẹ́ tó gbẹ tán, ẹ ro mítà mẹ́wàá yíká. Ní Ọ̀pẹ, ẹ gun òrùlé, kí ẹ fa koríko tó bá ti dúdú jáde, kí ẹ fi tuntun sí i; àdìpọ̀ 60 gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún èyí, ní ibi gbígbẹ tó jìnnà sí ilé ìdáná. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀ka igi bá ṣíji bò ló máa ń kọ́kọ́ dúdú torí pé oòrùn kì í gbẹ ẹ́, nítorí náà ẹ gé ẹ̀ka náà kí ẹ tó pààrọ̀ koríko.